Bí A Ṣe Ń Fi Ìṣirò Tọpa Àtọ̀sí Ajá Láàárín Abà àti Ìlú: Ìtọ́sọ́nà láti Ilé-Ifẹ̀

Ọ̀pọ̀ ilé ní Ilé-Ifẹ̀ ló ní abà lóko. Ìlú ni ilé baba wà, abà ni kòkó wà. Bí ilé-ìwé bá gba ọlidé, àwọn ọmọ á bá ìyá àgbà lọ sábà. Wọ́n á máa lúwẹ̀ẹ́ lódò, wọ́n á pọn omi, wọ́n á fọ aṣọ. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá padà sílé, ọ̀kan nínú wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í tọ ẹ̀jẹ̀ ní àdúgbò Ìrẹ̀mọ tàbí Ìlárè nílùú, odò kékeré tó wà lẹ́yìnkùlé ní ìlú ni gbogbo èèyàn á sì máa nàka sí. Ibi tí àrùn ti fara hàn kọ́ ni ibi tí wọ́n ti kó o. Ẹni tó bá fẹ́ gbógun ti àtọ̀sí ajá, àrùn títọ ẹ̀jẹ̀ tí aràn inú omi ń fà, láìmọ ìyàtọ̀ méjèèjì yìí, omi tí kò jẹ̀bi ló máa bá jà.

Ìṣirò ló lè la ọ̀rọ̀ yìí fún wa. Ẹni tó bá mọ ìṣirò ilé-ìwé girama, tó sì ní kọ̀ǹpútà tí Excel wà lórí rẹ̀, lè tẹ̀ lé ìtọ́sọ́nà yìí dé òpin. Àwọn nọ́ńbà tí mo lò fún abà àti àdúgbò inú rẹ̀ jẹ́ àpẹẹrẹ tí mo fọwọ́ ara mi yàn, wọn kì í ṣe ìròyìn nípa abà kankan.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ mọ ìrìn aràn náà kí ẹ tó kọ nọ́ńbà kankan

Schistosoma haematobium ni orúkọ tí àwọn onímọ̀ ń pe aràn yìí. Dókítà ará Jámánì kan, Theodor Bilharz, ló ṣàwárí rẹ̀ ní Cairo lọ́dún 1851. Akọ àti abo máa ń so mọ́ra wọn nínú iṣan ẹ̀jẹ̀ tó yí àpò ìtọ̀ ká, wọ́n sì lè gbé níbẹ̀ fún ọdún mẹ́ta sí márùn-ún, kódà kó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹyin wọn tó ń ya ara àpò ìtọ̀ ló ń mú kí ẹ̀jẹ̀ bá ìtọ̀ jáde.

Bí ìtọ̀ bá bọ́ sínú omi, ẹyin á pa. Ọmọ tó jáde nínú rẹ̀ ní wákàtí díẹ̀ péré láti rí ìgbín odò kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Bulinus. Bí kò bá rí i, ó kú nìyẹn. Nínú ìgbín yìí ló ti ń di púpọ̀. Bíi oṣù kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́yìn náà, ìgbín á bẹ̀rẹ̀ sí í tú ìdin jáde sínú omi, pàápàá lọ́sàn-án gangan tí oòrùn ń ràn. Ìdin yìí á gba awọ ẹsẹ̀ tàbí awọ ọwọ́ wọlé sára èèyàn. Kì í pẹ́ láyé ju bí ọjọ́ méjì lọ.

Àrùn yìí kì í ti ara èèyàn bọ́ sára èèyàn tààrà. Ó gbọ́dọ̀ gba inú ìgbín kọjá. Èèyàn ló ń rìnrìn-àjò, ìgbín kì í sábà kúrò lódò rẹ̀ àyàfi tí àgbàrá bá gbé e lọ sí ìsàlẹ̀. Nítorí náà, èèyàn ló ń gbé àrùn láti odò kan dé òmíràn, ìgbín ló sì ń tọ́jú rẹ̀ síbẹ̀. Gbogbo ohun tó kù nínú iṣẹ́ yìí dúró lórí èyí.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ ya máàpù, odò ni kí ẹ fi ṣe ìpìlẹ̀

Ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe ni pé wọ́n á mú máàpù ìjọba ìbílẹ̀, wọ́n á sì fi wọ́ọ̀dù pín in. Aràn ò mọ ààlà wọ́ọ̀dù. Ibi tí ẹsẹ̀ èèyàn ti ń kan omi ni kí ẹ kọ sílẹ̀: ìdí afárá, ibi ìfọṣọ, ibi tí wọ́n ti ń fọ kasáfà, ibi tí àwọn ọmọkùnrin ti ń wẹ̀. Fóònù lásán lè sọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà gan-an fún yín. Ẹ tún fi ọfà sí ọ̀nà tí omi ń ṣàn sí, torí ìdin àti ìgbín lè bá omi lọ sí ìsàlẹ̀ odò, wọn kì í sábà gòkè.

Ẹ má ṣe dédé wọ abà. Ẹ kọ́kọ́ lọ kí baálẹ̀, kí ẹ ṣàlàyé ohun tí ẹ wá ṣe, kí ẹ sì jẹ́ kó mọ̀ pé ẹni tí ẹ bá rí àrùn lára rẹ̀ máa gba oògùn. Bí ẹ bá fẹ́ gba ìtọ̀ àwọn ọmọ, ẹ gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ ìgbìmọ̀ ìwádìí, kí òbí sì fọwọ́ sí i. Ẹ má sì fi ẹsẹ̀ lásán wọ odò tí ẹ ń yẹ̀ wò. Bàtà òjò àti ìbọ̀wọ́ ọ̀rá ni kí ẹ wọ̀.

Nínú àpẹẹrẹ wa, ibi méjì péré ni máàpù ní: Abà tó ní èèyàn 300 pẹ̀lú odò tó kún fún ìgbín, àti àdúgbò kan ní Ìlú tó ní èèyàn 600 pẹ̀lú odò tí ìgbín rẹ̀ kò pọ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ta ní ń lọ síbo?

Ọ̀nà ìṣirò kan wà tó sọ pé bí ibi méjì bá ṣe tóbi tó tí wọ́n sì súnmọ́ra tó ni àwọn èèyàn wọn á ṣe máa lọ sọ́dọ̀ ara wọn tó. Ó wúlò bí ẹ ò bá rí ẹni bi. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ wa níbí, ẹbí àti oko ló ń gbé èèyàn rìn. Ará Ifẹ̀ lè fo abà mẹ́wàá kọjá kó tó dé abà tí bàbá rẹ̀ dá. Ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè. Nínú oṣù tó kọjá, ọjọ́ mélòó lo sùn lábà? Nígbà tó o wà níbẹ̀, omi wo lo lò? Ẹ bi àwọn ọmọdé fúnra wọn pẹ̀lú, torí òbí kì í mọ gbogbo odò tí ọmọ ń wẹ̀. Ẹ tún un bi ní ọlidé àti ní ìgbà ìkórè kòkó, torí ìrìn wọn yàtọ̀.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ará Ìlú ń lo ọjọ́ mẹ́ta nínú 30 lábà, ìyẹn 0.1, tí ará Abà náà sì ń lo 0.1 nílùú fún ọjà àti ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ìdọ́gba

Oríṣi ìṣirò yìí ti pẹ́. Ronald Ross, tó gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1902 lórí iṣẹ́ rẹ̀ nípa ibà, ló kọ́kọ́ gbé irú rẹ̀ kalẹ̀ fún ẹ̀fọn àti èèyàn. George Macdonald kọ ti aràn inú ìgbín lọ́dún 1965. Ẹni tó mú èrò pé ẹ̀dá lè máa kú ní ibì kan kó sì máa ti ibòmíràn padà wá, tó sọ ọ́ di ìdọ́gba, ni Richard Levins lọ́dún 1969.

A ó pe ìdá àwọn èèyàn tó ní aràn ní E, àti ìdá ìgbín tó ti ní in ní G. Tí ibì kan bá dá wà, ohun mẹ́rin la nílò:

a ni ìwọ̀n tí odò fi ń ran èèyàn lóṣù kan;
b ni ìwọ̀n tí ìtọ̀ èèyàn fi ń ran ìgbín;
1/48 ni ìdá aràn tó ń kú lóṣù kan, bí a bá gbà pé aràn ń lo ọdún mẹ́rin;
0.5 ni ìdá ìgbín tó ní àrùn tó ń kú lóṣù kan, torí ìgbín tó bá ti ní in kì í pẹ́ láyé.

E ń pọ̀ sí i ní a × G × (1 − E), ó sì ń dín kù ní E/48.
G ń pọ̀ sí i ní b × E × (1 − G), ó sì ń dín kù ní 0.5 × G.

(1 − E) wà níbẹ̀ nítorí pé ẹni tó ti ní aràn ò tún lè di ẹni tuntun tó kó o.

Láti inú èyí la ti rí nọ́ńbà tí gbogbo onímọ̀ àrùn máa ń béèrè, R: (a × b) ÷ (1/48 × 0.5). Bí R bá ju 1 lọ, àrùn á dúró. Bí kò bá tó 1, á kú lọ fúnra rẹ̀. Fún Abà, mo fi a sí 0.5 àti b sí 0.04, R jẹ́ 1.92. Fún Ìlú, a jẹ́ 0.1, b jẹ́ 0.02, R jẹ́ 0.19. Bí ẹnikẹ́ni ò bá rìn láàárín wọn, Abà á dúró sí èèyàn 46 nínú 100, Ìlú á sì bọ́ pátápátá.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ bí a bá da méjèèjì pọ̀ bí ẹni pé ibì kan ṣoṣo ni. Àpapọ̀ a fún èèyàn 900, bí a bá pín in dọ́gba, jẹ́ 0.233. Ti b jẹ́ 0.0267. R di 0.6. Ìṣirò àpapọ̀ yìí á sọ fún ọ́fíìsì ìlera pé kí wọ́n fọkàn balẹ̀, àrùn ń kú lọ. Irọ́ gbáà ni. Ní gbogbo àsìkò yẹn, ó ti fìdí múlẹ̀ sí Abà. Ìdí tí mo fi ń kọ ọ̀rọ̀ yìí gan-an nìyí: nọ́ńbà tí a fi pín gbogbo agbègbè dọ́gba lè bo odò tó ń pa àwọn ọmọ lára mọ́lẹ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ gbé e sórí Excel

A ó wá so ibi méjèèjì pọ̀. Ará Abà ń lo 0.9 àkókò rẹ̀ lódò Abà, 0.1 lódò Ìlú. Nítorí náà, ewu tó ń bá a jẹ́ 0.9 × 0.5 × G ti Abà, pẹ̀lú 0.1 × 0.1 × G ti Ìlú. Ewu tó ń bá ará Ìlú jẹ́ 0.1 × 0.5 × G ti Abà, pẹ̀lú 0.9 × 0.1 × G ti Ìlú.

Ti ìgbín gba àròjinlẹ̀ díẹ̀, torí iye èèyàn ò dọ́gba. Èèyàn 600 tó ń lo ìdá kan nínú mẹ́wàá lábà dà bí èèyàn 60 tó ń gbé ibẹ̀. 60 pín sí 300 jẹ́ 0.2. Ará Abà 30 tó wà nílùú nígbàkigbà, pín sí 600, jẹ́ 0.05. Ibí ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣìnà, wọ́n á fi 0.1 síbẹ̀ lójú méjèèjì.

Ní ìlà kìíní, ẹ kọ orí ọ̀rọ̀ sí òpó A dé òpó E (lẹ́tà òpó Excel nìyí, kì í ṣe E tí a fi pe ìdá èèyàn): oṣù, èèyàn Abà, èèyàn Ìlú, ìgbín Abà, ìgbín Ìlú. Ní ìlà kejì ẹ fi 0, 0.1, 0, 0, 0 sí i. Ní ìlà kẹta:

A3: =A2+1
B3: =B2+(0.45\*D2+0.01\*E2)\*(1-B2)-B2/48
C3: =C2+(0.05\*D2+0.09\*E2)\*(1-C2)-C2/48
D3: =D2+0.04\*(0.9\*B2+0.2\*C2)\*(1-D2)-0.5\*D2
E3: =E2+0.02\*(0.05\*B2+0.9\*C2)\*(1-E2)-0.5\*E2

Ẹ fà á sísàlẹ̀ dé ìlà 1200. Kí ó lè dá yín lójú pé ẹ tẹ̀ ẹ́ dáadáa, ẹ wo oṣù àkọ́kọ́: èèyàn Abà á sún sí 0.0979, ìgbín Abà á di 0.0036, ìgbín Ìlú á di 0.0001, èèyàn Ìlú á ṣì wà ní 0. Ní oṣù kejì ni 0.000189 á yọ sí èèyàn Ìlú. Bí tiyín ò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ yẹ àwọn àkámọ́ wò.

Ó ń lọ jẹ́jẹ́. Ó gbà á ní ọ̀pọ̀ ọdún kó tó fìdí kalẹ̀, torí ẹ̀mí aràn gùn. Níkẹyìn, Abà á dúró sí bíi 37 nínú 100, Ìlú á sì dúró sí bíi 7 nínú 100. Odò ìlú yẹn ò lè gbé àrùn dúró fúnra rẹ̀, síbẹ̀ ó ju èèyàn 40 lọ tó ní in ní àdúgbò. Ẹ fi 0.05\*D wé gbogbo 0.05\*D+0.09\*E ní ìlà tó kẹ́yìn: nínú mẹ́wàá tó kó o nílùú, mẹ́jọ ló kó o lódò Abà.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ dán oògùn àti omi wò

Praziquantel ni oògùn rẹ̀, mílígíráàmù 40 fún kílò ara kọ̀ọ̀kan. Ó ń pa àgbà aràn, kì í dí ọ̀nà mọ́ tuntun. Ká ní lọ́dọọdún èèyàn 75 nínú 100 ló ń lò ó, tí ó sì ń wo 80 nínú 100 àwọn tó lò ó sàn. 60 nínú 100 ló ń bọ́ lọ́dún nìyẹn, bíi 0.073 lóṣù kan. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ìṣirò dúró sí, ìyẹn ni pé kí ẹ kó nọ́ńbà ìlà tó kẹ́yìn wá sí ìlà kejì ojú ìwé tuntun.

Ní ojú ìwé kan, ẹ fi -0.073\*C2 kún C3. Ìlú nìkan ló ń gba oògùn. Ìlú á wálẹ̀ sí nǹkan bíi 1 sí 2 nínú 100, Abà á sì wà ní bíi 35. Ọdún tí ẹ bá dáwọ́ dúró ni ti Ìlú á tún bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè.

Ní ojú ìwé kejì, ẹ yọ ọ́ kúrò ní C3, ẹ fi -0.073\*B2 kún B3. Abà nìkan ló ń gba oògùn báyìí, ìdajì iye èèyàn ti àkọ́kọ́. Ẹ wo ìlà ọdún kẹwàá. Abà ò tó 1 nínú 100. Ìlú, tí ẹnikẹ́ni ò fún lóògùn, wà ní 1 sí 2 nínú 100, bákan náà pẹ̀lú ìgbà tí a fún gbogbo ìlú lóògùn, ó sì ṣì ń lọ sílẹ̀. Mi ò rò pé ohun kan wà nínú iṣẹ́ yìí tó yẹ kí òṣìṣẹ́ ìlera wọ́ọ̀dù mọ̀ ju ìyẹn lọ. Èyí ò túmọ̀ sí pé kí a fi ọmọ tó ń tọ ẹ̀jẹ̀ ní ìlú sílẹ̀ láìtọ́jú. Ẹni tó bá ń ṣàìsàn gbọ́dọ̀ gba oògùn níbikíbi tó bá wà. Ìpín oògùn fún gbogbo èèyàn la ń sọ, ibi tó yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀.

Omi tún wá yàtọ̀. Bí wọ́n bá gbẹ́ kànga ẹ̀rọ sí Abà tí lílọ sódò sì dín sí ìdajì, nọ́ńbà a á di ìdajì, nọ́ńbà b náà á di ìdajì, torí ẹni tí kò wọ odò kò tọ̀ sínú rẹ̀. R Abà á já sí ìdá mẹ́rin, láti 1.92 sí 0.48. Ṣùgbọ́n kànga tí wọ́n gbẹ́ tí àwọn ọmọ ṣì ń lọ lúwẹ̀ẹ́ lódò ò lè ṣe iṣẹ́ yẹn, nítorí náà, ẹ lọ wo ohun tí wọ́n ń ṣe ní tòótọ́ kí ẹ tó kọ ìdajì sílẹ̀.

Ìgbésẹ̀ keje: ẹ fi nọ́ńbà tòótọ́ rọ́pò tèmi

Láàárín aago mẹ́wàá àárọ̀ sí aago méjì ọ̀sán ni kí ẹ gba ìtọ̀, torí ìgbà náà ni ẹyin máa ń pọ̀ jù nínú rẹ̀. Mílílítà 10 ni wọ́n ń sẹ́, kí wọ́n tó ka ẹyin lábẹ́ máíkírósíkópù. Bí ẹyin bá ti tó 50 nínú rẹ̀, ti ẹni náà wúwo nìyẹn.

Fún ìgbín, ẹ fi abọ́ tó ní ihò ṣa á létí koríko odò. Ẹ fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú ife omi tó mọ́, kí ẹ gbé e síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, kí ẹ wá máa wò bóyá á tú ìdin jáde. Ẹ ṣa á púpọ̀. Nínú àpẹẹrẹ wa, ìgbín tó ní àrùn ní Abà ò pé 3 nínú 100. Bí ẹ bá ṣa 30 péré, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì ìgbà tí ẹ ò ní rí ẹyọ kan, ẹ ó sì kọ ọ́ pé odò náà mọ́. Bíi 110 ni ẹ nílò kó tó dá yín lójú. Ẹ ṣe é ní ẹ̀ẹ̀rùn àti ní ìgbà òjò, torí àgbàrá ńlá máa ń gbá ìgbín lọ, omi tó dákẹ́ sì máa ń jẹ́ kí wọ́n pọ̀.

Ẹ fi ibì kan pamọ́. Bí ẹ bá wádìí abà mẹ́fà, ẹ fi márùn-ún tún àwọn nọ́ńbà ṣe, kí ẹ wá wò bóyá àwòṣe yín, ìyẹn ìṣirò tí ẹ gbé sórí Excel yìí, lè sọ ti ẹ̀kẹfà kí ẹ tó wo èsì rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé a àti b sókè ní ìdá kan nínú márùn-ún, ẹ tún gbé wọn wálẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí Abà bá ṣì jẹ́ ibi tó yẹ kí oògùn ti bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo rẹ̀, ẹ lè gbé e lọ síwájú ọ́fíìsì ìlera.

Ohun tí àwòṣe yìí kò tíì ní nínú

Ó ka èèyàn sí ẹni tó ní aràn tàbí ẹni tí kò ní. Ṣùgbọ́n aràn yìí kì í pọ̀ sí i nínú èèyàn, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ń wọlé láti inú omi, àwọn èèyàn díẹ̀ ló sì máa ń ru èyí tó pọ̀ jù. Bí ẹ bá fẹ́ ka aràn, ẹ lo W fún ìwọ̀n aràn lára èèyàn kan, àti k fún bí wọ́n ṣe kó jọ sára àwọn díẹ̀. Ìdá tó ní aràn jẹ́ 1 − (1 + W/k)^(−k). Bí W bá jẹ́ 10 tí k jẹ́ 0.25, ó jẹ́ 0.6. Aràn mẹ́wàá mẹ́wàá ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan lójú ìṣirò, síbẹ̀ 40 nínú 100 ò ní ẹyọ kan. Àwọn ọmọ tó ń wẹ̀ lódò lójoojúmọ́ ló sábà máa ń wà lápá kejì.

Àwọn abà kéékèèké tí kò ju èèyàn 20 lọ tún nílò ọgbọ́n mìíràn, torí níbẹ̀, ìdílé kan tó kó lọ tàbí tó kó dé lè yí gbogbo rẹ̀ padà. Ní Excel, ẹ lè lo RAND(), tó ń ṣàdédé mú nọ́ńbà kan láàárín 0 àti 1 wá, fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lóṣooṣù: bí nọ́ńbà tó mú wá bá kéré ju ewu oṣù náà lọ, ẹni náà kó o. Ẹ tẹ F9 léraléra kí Excel lè tún mú nọ́ńbà mìíràn, kí ẹ máa kọ iye ìgbà tí àrùn kú tán lábà sílẹ̀ àti iye ìgbà tí ará ìlú tún gbé e padà wá.